Bí a ṣe ń gbọ́ orin hip-hop Kòríà kí agbára rẹ̀ lè wọ ara

Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin ráàpù Kòríà tí wọ́n ní ó ń mú ọkàn ẹni le, ẹ má wá ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹ dojú fóònù bolẹ̀, ẹ má wo fídíò, ẹ má ka ọ̀rọ̀ tó ń sáré lọ nísàlẹ̀. Ẹ ki íápíìsì bọ etí méjèèjì, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ sáré wá ìtumọ̀. Wọ́n á rí i pé gbogbo ohun tí olórin náà ń sọ kò ju "màá borí, ẹ ó rí mi" lọ, wọ́n á sì ní kí ló wá wà nínú ìyẹn. Ohun púpọ̀ ló wà níbẹ̀: bí wọ́n ṣe to ìlù, bí ahọ́n ṣe ń gbá ọ̀rọ̀, àti ibi tí ẹni tó ń kọrin ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn náà ni kí ẹ ṣe gbọ́ wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ansan ni mò ń gbé, lẹ́bàá Seoul, ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń ṣe ike ara ọkọ̀. Bí a bá ṣe ojúmọmọ lọ́sẹ̀ yìí, yagan ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Yagan ni wọ́n ń pe iṣẹ́ òru níbí. Inú bọ́ọ̀sì tó ń kó wa lọ sí yagan ni mo ti máa ń gbọ́ àwọn orin yìí, mo sì ti mọ èyí tó ń gbé ènìyàn dé àfẹ̀mọ́júmọ́ àti èyí tó ti ń ṣá kí aago kan òru tó lù.

Ìlù

Oríṣi ìlù méjì ló wọ́pọ̀ jù. Èyí àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní boom bap, ó máa ń lọ ní nǹkan bí ìlù 85 sí 95 láàárín ìṣẹ́jú kan: gúdù, pàá, gúdù, pàá. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni trap. Trap sábà máa ń wà ní àyíká 140, ṣùgbọ́n ara ń gbọ́ ọ bíi 70, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni "pàá" yẹn ń dún nínú kíkà mẹ́rin. Lókè, àwo idẹ kékeré á máa ta tì-tì-tì láìsinmi. Nísàlẹ̀, báàsì 808 á máa wú bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ara ẹ̀rọ ìlù TR-808 tí ilé iṣẹ́ Roland ti Japan ṣe ní 1980 ni orúkọ yẹn ti wá.

Ẹ kà á sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìlà kan nìyẹn. Ẹsẹ ráàpù kan sábà máa ń jẹ́ ìlà 16, ègbè a sì máa jẹ́ 8. Tí ìlù bá jẹ́ 90, ìlà 16 kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 43 lọ. Láàárín àkókò kékeré yẹn ni olórin gbọ́dọ̀ ti sọ ibi tó ti wá, ohun tó dùn ún, àti ibi tó dojú kọ. Àyè tó há yẹn wà lára ohun tó ń mú orin náà gbóná, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ òfo sí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ kíkà náà, ẹ máa ṣọ́ ibi tí ìlù ti ń dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ègbè wọlé, ẹni tó ṣe ìlù á yọ báàsì kúrò fún ìlà kan, nígbà mìíràn fún ààbọ̀ ìlà péré. Ohùn olórin nìkan ló máa kù, tàbí ohùn àti àtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á wó lulẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni irun ara ti ń dìde. Ìdí rẹ̀ ni pé ara yín ti ń kà látìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní dáwọ́ kíkà dúró nítorí pé ìlù dákẹ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń lu ìlù tí wọ́n yọ kúrò. Nígbà tí báàsì bá padà dé, yóò bá yín lójú ọ̀nà.

Ẹ má fi ìka fa orin náà lọ sí ibẹ̀ tààrà o. Mo rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fò lọ sí ibi tó dùn jù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á ní orin náà ti sú àwọn. Bí ẹ bá fẹ́ tún ibẹ̀ gbọ́, ẹ padà sẹ́yìn ìlà mẹ́rin ó kéré tán, nítorí ohun tó ṣáájú ìdákẹ́jẹ́ ló ń fún un lágbára.

Àwọn kan nínú wọn máa ń mú ohùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn wọ inú ìlù tuntun, àwọn yẹn sì ni ọkàn mi fẹ́ jù. Ní oṣù karùn-ún 2020, Agust D, ọmọ ìlú Daegu tó tún jẹ́ Suga nínú ẹgbẹ́ BTS, gbé orin kan jáde tó pè ní Daechwita. Orúkọ orin tí wọ́n ń fọn tí wọ́n sì ń lù nígbà tí ọba Joseon, ìjọba Kòríà àtijọ́, bá ń jáde, tàbí tí ọmọ ogun bá ń wọ́de, ló mú sọ ọ́. Igbe aṣáájú tó máa ń pàṣẹ kí orin bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, fèrè taepyeongso tí ohùn rẹ̀ gooro wà níbẹ̀, agogo idẹ náà ń dún, trap sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ máa wá fèrè nìkan, ẹ tún un gbọ́ kí ẹ máa wá báàsì nìkan. Ẹ ó rí i pé fèrè yẹn ló ń mú un gbé àyà sókè. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, orin ìgbéraga lásán ló máa kù.

Ahọ́n

Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní àǹfààní kan níbí, nítorí etí wa ti mọ́ra láti máa ṣọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Èdè Kòríà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Seoul kò gbé ìtumọ̀ lérí ohùn bẹ́ẹ̀. Olórin lè gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó lè tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó lè kígbe láti ìlà kìn-ín-ní dé ìkẹrìndínlógún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà. Nítorí náà, kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n gbé iṣẹ́ agbára lé lórí.

Wọ́n ní "k" mẹ́ta: ㄱ, ㅋ àti ㄲ. Èkíní rọ̀. Èkejì ń fẹ́ atẹ́gùn: ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀kẹta kò fẹ́ atẹ́gùn rárá, ọ̀fun ló ń fún pọ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Bákan náà ni ti "p", "t" àti "j". Nígbà tí inú olórin bá ń ru, ẹ máa gbọ́ bí ó ṣe ń to àwọn tó fún pọ̀ yẹn léra: kka, tta, ppa, jja. Wọ́n máa ń bọ́ sórí "pàá" inú ìlù bí ẹni ń kan ìṣó. Ẹ sọ kkeutkkaji lẹ́nu yín nísinsìnyí, ẹ fún ọ̀fun pọ̀ nígbà méjèèjì. "Títí dópin" ni wọ́n ń fi sọ, kò sì sí orin ìmúnilọ́kànle kan tí mo fẹ́ràn tí ọ̀rọ̀ yìí tàbí ìbátan rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bára wọn dọ́gba. Ìparí gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń wà lédè Kòríà, ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe náà kò sì pọ̀: -da, -ji, -go, -eo. Ẹnikẹ́ni lè fi -da parí ìlà mẹ́wàá. Àwọn ọlọ́gbọ́n nínú wọn kì í gbára lé ìyẹn. Ní 2001, olórin ráàpù kan tó ń jẹ́ Verbal Jint gbé àwo kékeré kan jáde tó fi hàn pé èdè Kòríà lè gba ìró tó dọ́gba ní sílébù méjì, mẹ́ta, láàárín ìlà, tí gbólóhùn lè gé sí méjì kí ìró lè bọ́ síbi tí ìlù ń retí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ráàpù lónìí ń rìn lójú ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ìlà bá parí. Ẹ wá ìró tó ń padà wá láàárín.

Ẹ má sì jẹ́ kí eré sísá tàn yín. Outsider di gbajúmọ̀ ní 2009 nítorí pé ẹnu rẹ̀ yára ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Jo Gwang-il tó gba ipò kìn-ín-ní nínú Show Me The Money, ìdíje ráàpù orí tẹlifíṣọ̀n Kòríà, ní 2021 náà ń sáré tó bẹ́ẹ̀. Mo kan sáárá sí wọn. Síbẹ̀, ní tèmi, orin tó ń gbé ènìyàn dìde ní ibi tó ti ń mí. Bí olórin kò bá mí, ẹ̀yin náà á gbàgbé láti mí, ó máa rẹ̀ yín kí ègbè kejì tó dé.

Ọ̀rọ̀, àti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ nílò láti fi bẹ̀rẹ̀. Kkum ni àlá. Him ni agbára. Sijak, ìbẹ̀rẹ̀, dasi, lẹ́ẹ̀kan sí i, jeongsang, góńgó òkè. Bí wọ́n bá pariwo gaja, ó yá ká lọ. Bí wọ́n bá ní dallyeo, ẹ sáré. Ẹ gba méje tí mo ti dárúkọ wọ̀nyí, pẹ̀lú kkeutkkaji, kí ẹ tún orin kan náà gbọ́. Bí etí yín ṣe ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ariwo, inú yín á máa dùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ lẹ́tà wọn. Hangul kò le. Kọ́ńsónáǹtì ìpìlẹ̀ 14, fáwẹ́lì 10. Ọba Sejong ló gbé e jáde ní 1446 kí ará ìlú lásán lè mọ̀wé kà. Ìparí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó láti mọ̀ ọ́n kà, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì mọ ìtumọ̀. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sórí Melon tàbí Genie, àwọn ìkànnì orin Kòríà, ọ̀rọ̀ orin wà lábẹ́ orin fúnra rẹ̀. Ẹ fi bírò kọ ẹsẹ kan ṣoṣo sínú ìwé, ẹ fi ìlà kékeré sí ibi tí olórin ti mí, ẹ yí ìró tó ń padà wá ká. Èyí lérè ju kí ẹ gbọ́ ogún orin lọ.

Wàyí o, ìgbà yìí ni kí ẹ wá ìtumọ̀. Ohun tí ẹ máa wá nínú rẹ̀ ni orúkọ ibi gidi àti iṣẹ́ gidi. Banjiha ni yàrá tí ìdajì rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń rìn níwájú fèrèsé rẹ̀. Oktapbang ni yàrá kékeré tí wọ́n kọ́ sórí òrùlé, iná ni nígbà ooru, yìnyín ni nígbà òtútù. Alba ni iṣẹ́ onígbà díẹ̀: gbígbé oúnjẹ lọ fún oníbàárà, fífọ abọ́, dídúró ní ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Eomma, ìyá, kò ní í ṣàìwọlé. Iṣẹ́ ológun náà wà níbẹ̀, nítorí ọkùnrin Kòríà tí ara rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ ṣe é. Oṣù 18 ni ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ báyìí, ọ̀dọ́ olórin tí orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde á fi orin sílẹ̀ lọ gé irun rẹ̀. Bí olórin bá dárúkọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹni tó bá mọ oríkì máa tètè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Olórin ń ki ara rẹ̀, ó ń ki àdúgbò rẹ̀, ó ń pe Daegu, ó ń pe Busan, ó ń pe Gwangju, ó ń ka ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kí ó lè gbójú sókè. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó àti aago wúrà inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a óò kàn jù nù. Dok2, tó dá Illionaire Records sílẹ̀ pẹ̀lú The Quiett ní 2011, máa ń kọrin owó gan-an, ó sì ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé inú kọ̀ǹténà ni òun ti gbé rí. Bí ẹ bá mọ ti kọ̀ǹténà, etí tí ẹ máa fi gbọ́ ti owó á yàtọ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń yan orin kò le. Mo máa ń fi ọkàn yọ owó, ọkọ̀ àti ìlérí ìṣẹ́gun kúrò nínú ẹsẹ kan. Bí iṣẹ́ kan bá kù, tàbí yàrá kan, tàbí alẹ́ kan tí kò sùn, mo tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá ku nǹkan kan, mo lè jó sí i níbi àríyá, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e lọ sí yagan. Orin tó kàn ń sọ fún mi pé mo dára jù kì í ràn mí lọ́wọ́ ní aago mẹ́ta òru. Èyí tó sọ pé òun náà wà lójú, pé ẹ̀yìn ń dun òun, tó sì tún ka ìlà rẹ̀ dé ìkẹrìndínlógún láìfò, ìyẹn ń ràn mí lọ́wọ́.

Tí ẹ kò bá fẹ́ èébú nínú orin, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ BewhY, tó gba ipò kìn-ín-ní nínú Show Me The Money ní 2016. Ọmọ ìjọ ni, kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ nínú ráàpù, ohùn rẹ̀ sì lè mi ògiri. Ẹ tún wá Lee Young-ji, ọmọ ọdún 2002, tó borí nínú ìdíje àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2019, tó tún wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó borí nínú Show Me The Money ní òpin 2022. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Mnet ló bẹ̀rẹ̀ sí gbé ètò yẹn sáfẹ́fẹ́ ní 2012. Ní ìpele kan níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 60 péré ni wọ́n ń fún olórin níwájú àwọn adájọ́, iná sì wà yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orin tó jáde láti ibẹ̀ fi ń gbaná láti ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n dùn, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ wọn nìkan. Kí tẹlifíṣọ̀n tó dé, ilé orin kékeré tó ń jẹ́ Master Plan ti kó àwọn ọ̀dọ́ ráàpù jọ lágbègbè Sinchon àti Hongdae ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, Drunken Tiger sì ti gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1999. Orin ìgbà yẹn ń rìn jẹ́jẹ́ ju ti ìsinsìnyí lọ, ó sì ń pẹ́ lára.

Ìgbà tí a ń lò ó

Ẹ má fi orin tí ẹ fẹ́ràn ṣe aago tó ń jí yín. Ọ̀sẹ̀ méjì kò ní pé kí ẹ tó kórìíra rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ ṣáájú iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Ní tiwa, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki íápíìsì sétí nítòsí ẹ̀rọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́ máa ń yí ohùn padà kó tó bàjẹ́. Orin mẹ́ta ni mo máa ń tò: boom bap kan tó rọra, trap kan, lẹ́yìn náà èyí tí mo ti kọ ẹsẹ rẹ̀ sínú ìwé. Mo máa ń pa á kí bọ́ọ̀sì tó dúró, kí ègbè náà lè máa yí lọ́kàn mi fúnra rẹ̀ nígbà tí mo bá ń wọ aṣọ iṣẹ́.

Fún eré sísá, bíi lẹ́bàá odò Han ní Seoul tàbí ní Hosu Park níbí ní Ansan, ẹ wá èyí tó wà ní 85 sí 90. Ìṣísẹ̀ méjì sí ìlù kan, ìyẹn jẹ́ 170 sí 180 láàárín ìṣẹ́jú kan, eré tó dán mọ́rán ni. Trap 140 ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ìdúró ló dára fún, tàbí gbígbé irin.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ rẹ̀. Banmal ni gbogbo ráàpù fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ojúgbà ń bá ojúgbà sọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyàtọ̀ "o" àti "ẹ" mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹ bá gbọ́ dallyeo nínú orin, tí ẹ wá kọjú sí ọ̀gá tó ju yín lọ tí ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, ẹ ti wọ́ ọ nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ́ jondaetmal, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, láti ibòmíràn, kí ẹ fi ti orin sílẹ̀ fún orin. Bákan náà, orin tí Melon bá kọ 19 sí lára kò yẹ fún ọmọdé.

Níkẹyìn, bí ẹ bá wà ní Kòríà, ẹ lọ gbọ́ ọ lójúkojú. Láti Ansan, ọkọ̀ ojú irin ìlà 4 ń gbé ènìyàn dé Sadang, ẹ bọ́ sí ìlà 2 tó jẹ́ àwọ̀ ewé títí dé Hongik University. Ilé orin abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, èrò kì í sì í pọ̀ jù débi tí ẹ kò fi ní í rí ojú olórin. Bó bá pariwo son meori wiro, ẹ gbé ọwọ́ sókè orí. Sori jilleo, ẹ kígbe. Ttwieo, ẹ fò. Èrò Kòríà máa ń bá olórin kọ ọ́ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ttechang ni wọ́n ń pè é, olórin á sì na máìkì sí wọn gan-an níbi tí báàsì ti dákẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ há ègbè orin méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀ sórí kí ẹ tó lọ, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ máa sọ nígbà tó bá kàn yín. Kí ẹ sì wo aago ọkọ̀ tó kẹ́yìn sí Ansan kí ẹ tó wọlé, nítorí lábẹ́ ilẹ̀ yẹn ẹ kò ní í mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́ tó bẹ́ẹ̀.